Bí Ẹ Ṣe Lè Rin Àdúgbò Olóbì ní Sábó Ṣàgámù, Kí Ẹ sì Rí Iṣẹ́ Tó Wà Níbẹ̀

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wá wo àdúgbò olóbì ní Sábó Ṣàgámù ló ń padà sílé láìrí ju agbọ̀n tí wọ́n fi ewé bò lọ. Wọ́n á dé ní ọ̀sán gangan, wọ́n á ti yọ fóònù kí wọ́n tó kí ẹnikẹ́ni, ẹnì kan á jágbe mọ́ wọn, wọ́n á ra obì díẹ̀ láti fi tu olóbì lójú, obì ọ̀hún á sì ti hu èébu kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa sọ pé kò sí ohun tí èèyàn ń wò níbẹ̀.

Ohun tí èèyàn ń wò wà níbẹ̀, ó sì pọ̀. Òwò tó so Rẹ́mọ pọ̀ mọ́ Òkè Ọya ló kọ́ àdúgbò yìí. Ṣùgbọ́n inú ilé, inú agbọ̀n àti lọ́wọ́ àwọn èèyàn ni gbogbo rẹ̀ wà, kì í ṣe ohun tí a fi ojú fèrèsé ọkọ̀ wò. Ẹ ya òwúrọ̀ kan gbáko sọ́tọ̀ fún un.

Ohun tí ẹ ó mú dání

- Owó kéékèèké, ₦100, ₦200 àti ₦500. Ẹ má gbọ́kàn lé pé ẹ ó fi fóònù san gbogbo owó. Nẹ́tíwọọ̀kì lè já nígbà tí ọjà bá kún.
- Bàtà tó bo ọmọ-ìka ẹsẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ obì máa ń tutù, awọ obì tó ti rà sì máa ń yọ̀ bí ilá.
- Aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, tó sì gùn. Omi obì máa ń di àbàwọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, ọṣẹ kì í sábà mú un kúrò. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní àdúgbò náà, nítorí náà kí obìnrin mú ìbòrí dání, kí ọkùnrin wọ ṣòkòtò gígùn.
- Ìwé kékeré àti bírò. Wọn kì í fura sí ẹni tó ń kọ̀wé tó ẹni tó gbé fóònù sókè.
- Omi mímu.
- Apẹ̀rẹ̀ kékeré tàbí àpò aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá. Ẹ fi ọ̀rá sílé.

Ẹ má mú ọ̀bẹ lọ láti fi la obì wò. Ọ̀bẹ lọ́wọ́ àlejò máa ń dá ìbẹ̀rù sílẹ̀, kò sì wúlò: èékánná tó láti fi ya awẹ́ obì.

Ìpele 1: Ẹ yan ọjọ́ àti àkókò

Gbànja, obì tó máa ń pín sí awẹ́ méjì, ni ọ̀gá ọjà yìí. Láàrin oṣù Kẹwàá sí oṣù Kejìlá ni ìkórè rẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ẹni tó bá wá lásìkò yẹn lè rí gbogbo iṣẹ́ náà láti orí rírẹ obì sínú omi títí dé dídì í sínú agbọ̀n. Ẹni tó bá wá ní oṣù Karùn-ún tàbí Ìkẹfà á bá obì tí wọ́n ti tọ́jú pa mọ́ àti àwọn tó ń ṣà á. Kò ní rí fífọ̀ púpọ̀. Méjèèjì ló dára. Ohun tó ń ba ọ̀pọ̀ àbẹ̀wò jẹ́ ni kéèyàn wá wá fífọ̀ lásìkò ṣíṣà.

Ẹ dé ní nǹkan bí aago méje àbọ̀ òwúrọ̀, kí ẹ sì parí kí aago mọ́kànlá tó lù. Oòrùn ò tíì mú nígbà náà, àwọn àgbà olóbì sì ṣì ń ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ yẹra fún ọjọ́ Jímọ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin máa ń múra mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ náà. Nínú oṣù ààwẹ̀, ẹ lè wá, ṣùgbọ́n ẹ má jẹun, ẹ má mu omi lójú wọn, kí ẹ sì tètè wá, nítorí agbára máa ń rẹlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sán.

Ibi tí àwọn ará ìta ti máa ń ṣìnà jù lọ nìyí: Ṣàgámù ń ṣe Orò. Bí wọ́n bá ti kéde rẹ̀, obìnrin kò gbọdọ̀ jáde láàrin àkókò tí wọ́n dá, ì báà ṣe onílé, ì báà ṣe àlejò. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni ẹ ó ti wá ọjọ́ yẹn. Ẹnu ará ìlú ni ẹ ó ti gbọ́ ọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ṣé ẹ ti bá ẹnì kan tó ń gbé Ṣàgámù sọ̀rọ̀ láàrin ọjọ́ méjì tó ṣáájú, tó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé kò sí Orò lọ́jọ́ tí ẹ ń bọ̀? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì parí ìpele yìí.

Ìpele 2: Ẹ dé Sábó tó tọ́

Láti Èkó, ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè gba márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, kí ẹ yà ní Interchange Ṣàgámù. Ẹ sì lè gba Ìkòròdú kọjá Ògìjo wọ ìlú. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà Benin sí Ṣàgámù ló yá jù.

Ohun méjì ló ń ṣi èèyàn lọ́nà. Àkọ́kọ́, Sábó pọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ìkòròdú ní tirẹ̀, Yábàá ní tirẹ̀, Ìbàdàn náà ní. Ẹni tó bá kàn sọ fún kọ̀ndọ́ ní Ìkòròdú pé “Sábó ni mò ń lọ” á bọ́ sílẹ̀ ní Sábó Ìkòròdú, owó ọkọ̀ á sì ṣòfò. Ẹ pe orúkọ méjèèjì pọ̀: Sábó Ṣàgámù. Ìkejì, Interchange kọ́ ni ìlú. Ọkọ̀ tó ń kọjá lọ sí Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú-Òde lè já yín sílẹ̀ létí márosẹ̀. Ẹ ṣì máa wọ ọkọ̀ mìíràn wọ inú Ṣàgámù. Ẹ dúnàádúrà owó ọ̀kadà tàbí Máruwá kí ẹ tó jókòó.

Bí ẹ bá ń bèèrè ọ̀nà, ẹ rántí pé ìlú 13 ló parapọ̀ di Ṣàgámù ní 1872, àwọn àgbà sì ṣì ń fi orúkọ ìlú wọ̀nyẹn júwe ọ̀nà. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ gba Ọ̀fin, ìhà ààfin Akárìgbò, ọba Rẹ́mọ, ló ń wí, kì í ṣe ìlú mìíràn tí ẹ ó tún wọkọ̀ lọ.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ ti dé ibi tó yẹ bí ẹ bá ń rí agbọ̀n ńláńlá tí wọ́n fi ewé tẹ́ nínú àti ìdì ewé tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bó bá jẹ́ obì tí wọ́n tò sórí àwo ní mẹ́ta-mẹ́ta nìkan ni ẹ ń rí, iwájú ọjà ni ẹ wà. Ẹ bi obìnrin tó ń tà á pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni wọ́n ti ń di obì sínú agbọ̀n?”

Ìpele 3: Ẹ kí wọn, ẹ gbàṣẹ

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọdé tàbí alábàárù. Ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo ẹni tí àwọn tó kù ń wá bá. Òwò gbànja ti pẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní máígídá, ìyẹn onílé tó ń gba àwọn oníṣòwò tó ti Òkè Ọya wá sílé, tó ń tọ́jú ẹrù wọn, tó ń bá wọn wá ẹni tí yóò tà tàbí tí yóò rà, tó sì ń gba owó iṣẹ́ rẹ̀ lórí ọjà. Ìsọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè má tóbi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó yí i ká ń tẹ̀lé. Bí òun bá ti gbà, ẹ ti bọ́.

Ẹ kí Hausa pé “Sannu da aiki”, kí ẹ sì pè é ní Àlàájì tàbí Bàbá. Ẹ kí àwọn ìyá Yorùbá tó ń ṣà obì pé “Ẹ kú ọjà o, mà. Ajé á wọgbá.” Kí ọkùnrin tẹríba, kí obìnrin kúnlẹ̀ díẹ̀. Ọkùnrin ò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí obìnrin Mùsùlùmí láti bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, àyàfi tí ìyá náà bá kọ́kọ́ na tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ohun tí ẹ wá ṣe ní gbólóhùn kúkúrú: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti wá. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú obì. Mi ò ní dí iṣẹ́ lọ́wọ́. Ṣé mo lè dúró wò?” Kí ẹ sì dákẹ́.

Ìbéèrè méjì ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò: “Agbọ̀n mélòó lẹ ń tà lọ́sẹ̀?” àti “Èló lẹ ń jẹ lórí rẹ̀?” Bí olóbì bá ti gbọ́ èyí, ẹni tó wá gba owó orí tàbí ẹni tó wá wo ilé ṣáájú olè ni yóò kà yín sí. Kò jẹ̀bi. Ọjà rẹ̀ gbogbo ló wà nínú yàrá yẹn.

Bí wọ́n bá fún yín ní obì, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ fi gbà á. Kíkọ̀ ọ́ kò dára. Ẹni tí kì í jẹ obì lè jẹ awẹ́ kan, kí ó fi èyí tó kù sápò. Kafíìnì wà nínú rẹ̀ dáadáa, odidi gbànja kan lè lé oorun lọ mọ́jú.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Bí wọ́n bá fi àpótí tàbí ẹní hàn yín láti jókòó, àṣẹ ti dé. “Ẹ padà wá” tàbí “ẹ dúró ná, ọ̀gá ń bọ̀” kì í ṣe àṣẹ. Ẹ dúró.

Ìpele 4: Ẹ tẹ̀ lé obì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìdí agbọ̀n

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò jù. Ó kéré tán, wákàtí kan àbọ̀.

*Rírẹ àti bíbó.* Oko ni wọ́n ti sábà máa ń la èso obì. Èyí tó bá dé Sábó láìtíì bó ṣì ní awọ funfun lára. Wọ́n lè rẹ ẹ́ sínú omi fún nǹkan bí ọjọ́ kan, wọ́n sì lè kó o jọ kí wọ́n fi ewé bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà, títí awọ náà á fi rà. Òórùn tí ẹ ó gbọ́ níbẹ̀ kò túmọ̀ sí pé obì ti bàjẹ́. Awọ ló ń rà. Ẹ wo bí wọn kì í fi èékánná ha awọ tó bá ṣì le. Ojú ọgbẹ́ lára obì máa ń dúdú, ibẹ̀ sì ni èébu ti ń bẹ̀rẹ̀. Obì tí wọ́n fi ìkánjú bó kì í pẹ́ nínú agbọ̀n.

*Fífọ̀ àti gbígbẹ omi.* Lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ awọ náà kúrò, wọ́n á tẹ́ obì sílẹ̀ nínú ilé, lábẹ́ òjìji, kí omi ara rẹ̀ lè jáde díẹ̀díẹ̀, láàrin ọjọ́ mẹ́ta sí méje. Àlejò máa ń bèèrè ìdí tí wọn ò fi sá a sóòrùn kó lè yá. Obì tútù ni oníbàárà ń fẹ́. Oòrùn á fà á hunjọ, á di líle bí òkúta, owó rẹ̀ á sì wálẹ̀. Bí wọ́n bá sì dì í kí omi tó jáde tán, ó máa hu èébu. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń yí i padà. Ẹ bèèrè ọjọ́ tí wọ́n tẹ́ ẹ, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

*Ṣíṣà.* Bó bá jẹ́ pé ìpele kan péré ni ẹ ráyè wò, kó jẹ́ èyí. Obì kọ̀ọ̀kan ló ń gba ọwọ́ kọjá. Wọ́n ń pín in ní ńlá àti kékeré, ní funfun àti pupa, ní èyí tó jọ̀lọ̀ àti èyí tó ní àpá. Funfun sábà máa ń wọ́n ju pupa lọ, nítorí kò pọ̀ tó o, àwọn ará Òkè Ọya sì fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ má rò pé igi ọ̀tọ̀ ni gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí ti wá. Igi kan náà lè so pupa àti funfun.

Kòkòrò ni ọ̀tá tí wọ́n ń wá. Ó máa ń yé ẹyin sára obì, pàápàá níbi tó bá ti ní ọgbẹ́. Ọmọ rẹ̀ á wọ inú lọ, á máa jẹ ẹ́ láìjẹ́ kí ojú tètè rí i. Àwọn baba wa ló sọ pé kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà, bí ọ̀rọ̀ sì ṣe rí lórí ẹní ìyá tó ń ṣà obì gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún agbọ̀n tú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ṣà á tẹ́lẹ̀. Ẹ tọrọ àyè kí ẹ fi ọwọ́ kan èyí tí wọ́n dá sọ́tọ̀: ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun rẹ́súrẹ́sú, ibi tó rọ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́. Kí ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n níbí, nítorí ẹ ó lò ó ní ìpele rírà.

*Dídì.* Ewé tútù tó gbòòrò, bíi gbódògì tàbí ewé eéran, ni wọ́n ń tẹ́ sínú agbọ̀n yíká, kí obì tó wọlé, kí ewé mìíràn tó bò ó, kí wọ́n tó fi okùn dì í. Ewé ń pa ọ̀rinrin mọ́, síbẹ̀ kò dí afẹ́fẹ́. Bí ewé bá gbẹ, obì á hunjọ. Wọ́n á tú u, wọ́n á fi ewé tuntun pààrọ̀. Agbọ̀n tí wọ́n ń tọ́jú báyìí lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má jókòó lé agbọ̀n tí wọ́n ti dì, kódà bí kò bá sí ìjókòó. Ìwúwo á tẹ obì ìsàlẹ̀, ẹ ò sì ní mọ ohun tí ẹ bàjẹ́ títí ẹrù á fi dé Kano.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ẹ mú obì méjì. Gbànja máa ń pín sí awẹ́ méjì. Àbàtà, èyí tí a fi ń ṣe ìgbéyàwó àti ìsọmọlórúkọ, máa ń ní mẹ́ta sí mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ẹ tọ́ka sí òkìtì kan nínú ilé náà, kí ẹ sọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lórí rẹ̀ àti èyí tó kàn. Bí ìyá tó ń ṣà obì bá gbà fún yín, ẹ ti rí Sábó.

Ìpele 5: Ẹ wo ilé

Ẹ gbójú sókè nísinsìnyí. Nínú ilé àtijọ́ ibi òwò báyìí, ẹ wo ìbú ọ̀dẹ̀dẹ̀, bóyá agbọ̀n lè kọjá láìfi ara gbún ògiri. Ẹ wo fèrèsé yàrá ẹrù: ó ga, ó kéré, kí afẹ́fẹ́ wọlé kí oòrùn má wọlé. Ẹ wo ibi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí lára ògiri, bóyá amọ̀ ló wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ọdún bá wà lára ògiri iwájú tàbí lókè ẹnu ọ̀nà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ bi onílé bóyá ọdún tí wọ́n kọ́ ọ ni tàbí ọdún tí wọ́n tún un ṣe. Ẹ má wọ àgbàlá ẹ̀yìn láìjẹ́ pé wọ́n pè yín. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé wà.

Ìpele 6: Fọ́tò

Ìgbẹ̀yìn ni fọ́tò ń bọ̀. Ẹ fi ọwọ́ àti obì bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ojú èèyàn. Ẹ fi àwòrán àkọ́kọ́ han ẹni tó ni ọwọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà òun fúnra rẹ̀ á ní kí ẹ ya òun. Ẹ má ya yàrá tí ẹrù kún, ẹ má ya nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kẹ́rù, ẹ má ya owó tí wọ́n ń kà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ pa á rẹ́, ẹ pa á rẹ́ lójú wọn, kí ẹ sì dúpẹ́.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Gbogbo ojú tó wà nínú fóònù yín, ṣé ẹni tó ni ín mọ̀?

Ìpele 7: Ẹ ra obì

Ẹ rà lọ́wọ́ ẹni tó gbà yín lálejò, bó bá tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀. Bí ó bá ní òun kì í tà ní ẹyọ, ẹ ní kí ó júwe ẹni tí ẹ ó lọ bá, kí ẹ sì fi orúkọ rẹ̀ ra ọjà níbẹ̀.

Ẹ yan obì tó wúwo lọ́wọ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Ẹ tẹ̀ ẹ́: kó le, kó má rọ̀ níbì kan. Ẹ wo ìlà tó la awẹ́ méjèèjì láàrin. Ibẹ̀ ni kòkòrò àti èébu máa ń sá sí. Ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ó bá ń run bí oògùn kòkòrò, ẹ dá a padà. Nínú mẹ́wàá tí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ san owó ẹyọ kan, kí ẹ ya á níbẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá mọ́, ẹ ra ìyókù.

Ìpele 8: Ẹ gbé e délé láìbàjẹ́

Ọ̀rá ló ń pa obì àwọn àlejò. Obì ń mí. Nínú ọ̀rá, èémí rẹ̀ á di omi, omi á di èébu láàrin ọjọ́ díẹ̀, pàápàá nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Ẹ tọrọ ewé mẹ́ta mẹ́rin lọ́wọ́ olóbì, ẹ fi wé e, kí ẹ gbé e sínú apẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé e sí bùútù tí kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì wà, nítorí yóò gba òórùn rẹ̀.

Nílé, ẹ gbé e sí ibi tó tutù, tí oòrùn ò dé. Bí ewé bá ti ń gbẹ, ẹ fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ ti nù gbẹ pààrọ̀. Ẹ máa tú u wò ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, kí ẹ yọ èyí tó bá ní ihò tàbí èébu kúrò kíá kó má bàa ran èyí tó kù. Ẹ fi omi fọ èyí tí ẹ bá fẹ́ jẹ, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

*Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò:* Ní ọjọ́ keje, ẹ ya ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá ṣì tutù, tó dún pẹ́kẹ́ nígbà tí ẹ ya á, tí kò sì sí ìlà dúdú láàrin awẹ́, ewé yín ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá rọ̀ bí rọ́bà, ó ti ń gbẹ jù: ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí ewé, ẹ má wọ́n ọn sí obì.